Àpótí Orí Ọkọ̀ Tó Ń Mu Epo Mi

Ó máa ń ti rẹ̀ mí kí n tó dìde lórí ibùsùn. Mi ò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè ṣàánú mi. Ẹni tó ti di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, tó ń gbé ní Whitby lókè òkun, tó sì ń wakọ̀ lọ sí Etobicoke ní ọjọ́ mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ láti lọ wẹ àwọn arúgbó ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ló kù tí kò ní rẹ̀ ẹ́? Màá ki ẹsẹ̀ bọ bàtà yìnyín, màá wọ ẹ̀wù òtútù tó wúwo bí ọmọ ọdún kan, màá ha yìnyín kúrò lójú gíláàsì ọkọ̀, màá sì bọ́ sí márosẹ̀ tí kì í sùn. Tírélà á wà lápá ọ̀tún, tírélà á wà lápá òsì, èmi àti ọkọ̀ mi kékeré á wà láàárín wọn bí ewúrẹ́ tó ṣìnà wọ àárín erin.

Ọ̀rọ̀ epo ọkọ̀ náà ni mo fẹ́ sọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ epo yẹn ò dá wá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọmọ kan lọ́wọ́ mi, ọmọ tí mi ò fi inú mi bí.

Ọmọ náà ni ọkọ ọmọbìnrin mi. Inú ilé wọn ni mò ń gbé. Ilé iṣẹ́ tírélà kan ní Woodbridge ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń sọ fún àwọn awakọ̀ ibi tí wọ́n máa gbé ẹrù lọ. Ìyá rẹ̀ ti kú láti ìgbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ girama. Lọ́jọ́ tí àwọn ẹbí rẹ̀ wá mọ̀ wá nílé, tí wọ́n ní kó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó pẹ́ nílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tó dìde, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní, “Ẹ má bínú, ma. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹni pè ní Mummy.” Ọjọ́ yẹn ni mo ti gbà á lọ́mọ.

Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Etobicoke, gbogbo ọjọ́ tí mo bá wà níbi iṣẹ́, tó bá ti di ọ̀sán, fóònù mi á dún.

“Mummy, ẹ ti jẹun, ma?”

“Mò ń gbé e gbóná lọ́wọ́.”

“Kí lẹ gbé dání?”

“Ìrẹsì àná.”

“Ìrẹsì àná tí ẹ ti ń jẹ láti ìjẹta? Mummy, ìrẹsì yẹn ti tó ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì o.”

Màá rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín, ó tán. Ìpè yẹn kì í pé ìṣẹ́jú méjì. Òun ló máa ń gbé mi dé ìrọ̀lẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sórí ọkọ̀. Mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n mo mọ ìwà ọkọ̀ mi bí mo ṣe mọ ìwà orúnkún mi. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo máa ń rọ epo kún táńkì. Epo yẹn á gbé mi lọ, á gbé mi bọ̀, títí di Ọjọ́bọ̀ tí iṣẹ́ mi ń parí, á tún ṣẹ́ kù èyí tí màá gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Tí mo bá ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú ni iná kékeré tó ń sọ pé epo fẹ́ tán á tó tàn níwájú mi. Ọdún méjì gbáko ni ọkọ̀ náà fi bá mi ṣe é bẹ́ẹ̀, kò yẹ̀.

Nígbà tí ewé igi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ní ọdún tó kọjá, obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń kó lọ sí ìlú mìíràn fún mi ní àpótí orí ọkọ̀. Dúdú ni, ó gùn bí ọkọ̀ ojú omi àwọn apẹja, ó ní ìdérí àti àgádágodo. Ọ̀pá irin méjì la máa kọ́kọ́ dè mọ́ òrùlé ọkọ̀, a ó wá gbé àpótí lé wọn lórí. Inú mi dùn sí i púpọ̀, nítorí ẹrù ilé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wà lókè òkun á mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi bàtà ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ nílé, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sí ìyá rẹ̀, aṣọ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á máa wá ẹni tó máa bá a gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kó ẹrù wọ ọkọ̀ ojú omi. Èmi ni wọ́n ń wá. “Mummy, ẹ bá mi gbé e dé Woodbridge, ma.” Wọn á gbé e lé mi lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á tún fi ìkúnlẹ̀ dè é. Mi ò lè kọ̀ ọ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi ni pé ẹni tí wọ́n bá rán níṣẹ́ sílé kì í sọ pé ó rẹ òun. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, lọ́jọ́ Ẹtì tí mi ò bá lọ síbi iṣẹ́, màá kó gbogbo rẹ̀ lọ.

Ọkọ ọmọ mi ló bá mi gbé àpótí náà sórí ọkọ̀. Bó ṣe ń fún ìdè rẹ̀ le, ó ń wo ọkọ̀, ó ń wo àpótí.

“Mummy, ọkọ̀ yìí kéré fún un o, ma. Afẹ́fẹ́ á máa bá a jà ní márosẹ̀. Tí ẹ bá ti já ẹrù tán, ká máa yọ ọ́ sílẹ̀.”

Mo ní, “Ṣé gèlè ni, tí màá wé lọ sóde, tí màá tú tí mo bá délé? Àbí o fẹ́ kí n máa lọ lórí òfìfo?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Rárá o, ma. Àbí kí n máa bá yín kó ẹrù yẹn sí búùtù mi díẹ̀díẹ̀? Ibi iṣẹ́ mi ò jìnnà síbẹ̀.”

“Ẹrù tí wọ́n fi lé èmi lọ́wọ́, ìwọ lo fẹ́ gbé e dé ibẹ̀?”

“Ẹ má bínú, ma.”

Kò sọ ọ́ mọ́. Ẹ rántí pé ó sọ ọ́, nítorí èmi ò rántí nígbà tó yẹ kí n rántí.

Láàárín oṣù kan náà, ọkọ̀ tirẹ̀ dákú. Kí mẹkáníìkì tó tún un ṣe, ó tọrọ ọkọ̀ mi lọ́wọ́ mi ní ọjọ́ Àbámẹ́ta méjì, mo fún un ní kọ́kọ́rọ́ kejì. Ọkọ̀ tirẹ̀ dé padà. Kọ́kọ́rọ́ mi ṣì wà láàárín kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Mi ò bèèrè. Òun náà gbàgbé.

Ìgbà yẹn ni epo mi bẹ̀rẹ̀ sí í tán lọ́jọ́bọ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, mo rò pé ojú mi ni. Mò ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, mi ò tíì dé Whitby, iná kékeré tàn. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún tàn. Mo gbé ọkọ̀ wọ gáréèjì mọ́jú, mo tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀ bóyá epo ń jò. Páálí gbẹ bí ìgbà tí mo tẹ́ ẹ. Mo pààrọ̀ ilé epo. Mo mú ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ó ní ara rẹ̀ le ju tèmi lọ. Èyí tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí ni pé mo gbé òróró àdúrà wá láti ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi pa ẹnu táńkì yíká, mo sì ka Sáàmù sí i. Lọ́jọ́bọ̀, iná tàn.

Ẹni tó bá ti ń rẹ̀ kì í ronú jìnnà. Ohun tó bá wà nítòsí ni ọkàn rẹ̀ ń mú. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, mo sùn di ọ̀sán. Nígbà tí mo bojú wo ìta, yìnyín bo gbogbo ọkọ̀ àdúgbò mọ́lẹ̀, tèmi nìkan ni kò sí yìnyín lára rẹ̀. Mo wọ ẹ̀wù, mo lọ gbé ọwọ́ lé iwájú ọkọ̀. Ó lọ́wọ́ọ́rọ́.

Ọkọ ọmọ mi wà nílé ní tirẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kọ́kọ́rọ́ mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wá sọ fún ara mi pé, àṣé. Àṣé òun ló ń gbé ọkọ̀ jáde tí mo bá ti sùn.

A kì í dojú ọ̀rọ̀ kọ àna ẹni. A máa ń gbé e gba ẹ̀yìn ilé ni. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, gbogbo wa ń jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà nílé ìdáná, mo bẹ̀rẹ̀.

Mo ní, “Eku ilé ló sọ fún toko pé ẹja wà nínú àwo.”

Ọmọbìnrin mi gbójú sókè. “Mummy, eku wọ ilé ni?”

“Mi ò mọ̀ o. Epo tí kò jò, tí kò dà sílẹ̀, táńkì tó ní ìdérí. Ẹnu ta ló ń gbà lọ? Ẹni tó fẹ́ mu omi, ṣebí ó yẹ kó kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó pọn ọ́n.”

Ọkọ ọmọ mi gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Ó wò mí, mo sì rí i pé ó yé e. Ó dìde lórí àga, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ ilé ìdáná, láàárín fìríìjì àti tábìlì, pẹ̀lú aṣọ tó fẹ́ wọ̀ lọ sóde.

“Mummy, ẹ dárí jì mí, ma. Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́, ma.”

Mo ní kó dìde. Mo tún gbé òwe kan lé e: ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, ma.” Ó tú kọ́kọ́rọ́ mi kúrò lára tirẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo mi jẹ́jẹ́, ó sì jáde. Àkàrà rẹ̀ wà níbẹ̀ títí ó fi tutù.

Ọmọbìnrin mi tẹ̀ lé mi wọ yàrá. “Mummy, kí ló jí?”

“Ta ló dárúkọ olè?”

“Ẹ̀yin ni, ma. Ẹ ò dárúkọ ẹ̀, àmọ́ gbogbo wa gbọ́ ọ.”

“Tí kò bá ṣe é, kí ló ń bẹ̀ fún?”

Ó kàn wò mí bí ẹni tó ti rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀sán pọ́n, fóònù mi ò dún. Mo rò pé iṣẹ́ ló pọ̀. Lọ́jọ́ kejì, kò dún. Ó ń kí mi nílé o, ó ń dọ̀bálẹ̀ láràárọ̀, ó ń bèèrè bí mo ṣe sùn. Kò sí ohun tí mo lè tọ́ka sí pé ó ṣe sí mi. Ó ń ṣe gbogbo nǹkan tí àna ń ṣe. Ohun tí ọmọ ń ṣe nìkan ni kò ṣe mọ́.

Lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, tí kọ́kọ́rọ́ méjèèjì ti wà nínú báàgì mi, mò ń bọ̀ wálé, iná tàn. Ó yẹ kí n ti mọ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí ọkàn mi sọ: ó ní bóyá ó ti gé kọ́kọ́rọ́ mìíràn. Ojú tì mí bí mo ṣe ń rò ó, síbẹ̀ mo rò ó. Ó máa ń ṣòro fún àgbà láti padà lójú ọ̀nà tó ti rìn jìnnà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mìíràn kọjá bẹ́ẹ̀. Mò ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, mò ń gbọ́ ariwo maikirowéfù.

Ọjọ́ Ẹtì tí mo tún kó ẹrù lọ sí Woodbridge, òtútù mú débi pé ihò àgádágodo àpótí kún fún yìnyín, kọ́kọ́rọ́ ò wọlé. Bàbá kan tó ń bá wọn di ẹrù níbẹ̀, ọmọ ilẹ̀ wa, tó ti wa tírélà rí kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó bàjẹ́, fi ọwọ́ lu àpótí náà.

“Ìyá, àwa máa gbé òun gan-an sọ̀ kalẹ̀ ni. Á yọ́ nínú ilé, a ó wá kó ẹrù inú rẹ̀. Ẹ padà wá gbé e lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.” Bí wọ́n ṣe gbé e sílẹ̀ tán, ó bi mí, “Níbo lẹ ti ń gbé e bọ̀?”

“Whitby.”

“Whitby! Ní márosẹ̀? Ibi iṣẹ́ yín ńkọ́?”

“Etobicoke ni. Ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀.”

Ó mi orí. “Ẹ̀yin ni ẹ̀ ń ti afẹ́fẹ́ láti Whitby dé Etobicoke, tẹ́ ẹ tún ń tì í padà. Ṣé epo yín kì í tètè tán?”

Mo ní, “Àmọ́ òfìfo ló máa ń wà. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni ẹrù ń wọnú ẹ̀.”

“Ìyá, afẹ́fẹ́ ò mọ̀ pé òfìfo ni. Kì í wo inú ẹ̀, ojú ẹ̀ ló ń kọlù. Tẹ́ ẹ bá ń rìn jẹ́jẹ́ nínú ìgboro, kò ní hàn púpọ̀. Márosẹ̀ ni. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń sáré sí ló ṣe ń fà yín sẹ́yìn sí, ẹ́ńjìnnì á sì máa mu epo láti fi bá a jà. Kò sí awakọ̀ tírélà tí kò mọ èyí.”

Kò sí awakọ̀ tírélà tí kò mọ̀ ọ́n. Àti ẹni tó ń sọ fún àwọn awakọ̀ tírélà ibi tí wọ́n máa lọ.

Mo jókòó sínú ọkọ̀, mi ò tètè wà á lọ. Ọdún tí bàbá mi ń kan òrùlé ilé wa ló wá sí mi lọ́kàn. Wọ́n gbé páànù kan ṣoṣo lé mi lórí, páànù tí kò wúwo rárá, kí n gbé e kọjá pápá. Atẹ́gùn òjò dé. Mò ń gbé ẹsẹ̀, páànù ń dá mi padà. Nígbà tí mo fi dé ilé, ó ti rẹ̀ mí ju ẹni tó ru igi lọ. Mo mọ ọ̀rọ̀ yìí láti kékeré, mo wá dàgbà gbàgbé rẹ̀.

Síbẹ̀, mi ò sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ rí i pẹ̀lú ojú mi. Lọ́jọ́ Ajé, mo rọ epo kún. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé orí ọkọ̀ Grandma ti pá. Òtútù ọ̀sẹ̀ náà ò dín, ọ̀nà náà ni, tírélà náà ni. Ohun kan ṣoṣo tó yàtọ̀ ni pé ariwo fííì tó máa ń wà lókè orí mi láti ìgbà ewé pípọ́n ò sí mọ́. Ọjọ́bọ̀ dé. Mo fi ìka gbá dáṣíbọ́ọ̀dù. Iná ò tàn. Kò tàn lọ́jọ́ Ẹtì, kò tàn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Lọ́jọ́ Àìkú, mò ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, mo ti yà wọ àdúgbò wa, ó tàn.

Ọkọ ọmọ mi wà níta, ó ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí n lè ráyè wọlé. Ó ti gbálẹ̀ ibi tí mo máa gbé ọkọ̀ sí, kò tíì kan tirẹ̀. Mo yí gíláàsì fèrèsé ọkọ̀ wálẹ̀.

“Wọlé wá.”

“Mummy, ẹ káàbọ̀, ma. Ṣé kò sí nǹkan o?”

“Mo ní kó o wọlé, jókòó tì mí.”

Mo mọ ìdí tí mo fi pè é síbẹ̀. Kò sí ààyè láti dọ̀bálẹ̀ nínú ọkọ̀ kékeré.

Ó jókòó, orúnkún rẹ̀ kan iwájú. Mo nawọ́ sí iná náà.

“Epo fẹ́ tán, ma. Ẹ jẹ́ kí n lọ rọ ọ́ wá.”

“Òní ọjọ́ wo?”

“Sunday, ma.” Ó fẹ́ sọ nǹkan mìíràn, ó wá wo òrùlé ọkọ̀ láti inú.

“O mọ̀ pé àpótí yẹn ni.”

“Ma?”

“Má pè mí ní ma. O mọ̀.”

“Mo mọ̀, ma.”

“Yìnyín tó kúrò lára ọkọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì yẹn ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì tó gbóná ńkọ́?”

Ó ń wo ìbọ̀wọ́ rẹ̀. “Ẹ ní ọwọ́ ń dùn yín látàrí yìnyín híha. Mo ní kí n bá yín ha á, kí n jẹ́ kí ọkọ̀ gbóná díẹ̀, torí bátìrì.”

“Kí ló dé tó o wá ń bẹ̀bẹ̀ fún ohun tó ò ṣe?”

“Inú yín ti bàjẹ́, ma. Ṣé kí n máa bá ìyá mi jiyàn lórí epo ni? Mo ní tí mo bá bẹ̀ yín, á tán.”

“Kò tán.”

“Kò tán, ma.”

Mo ní, “Mo ṣẹ̀ ẹ́. Mo fojú olè wo ọmọ mi.”

Ó di ilẹ̀kùn mú. “Mummy, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ma.” Ó fẹ́ jáde, mo sì mọ ibi tó ń lọ.

“Tó o bá fi àyà kan yìnyín yẹn, màá jáde wá kúnlẹ̀ sí i níwájú rẹ, kí gbogbo àdúgbò wá wò wá.”

Ó padà jókòó kíá. Kò sí Yorùbá tó fẹ́ kí ìyá ìyàwó òun kúnlẹ̀ fún òun, pàápàá nínú yìnyín. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò jáde tán.

“Ó dùn mí, ma,” ó ní. “Ó dùn mí gan-an.”

“Ó yẹ kó dùn ẹ́.”

Èémí wa bo gíláàsì ọkọ̀ bí kùrukùru. Nígbà tó yá, ó ní, “Àwọn ọ̀pá méjì tó kù lókè yẹn náà ń jẹ epo, ma. Kò tó ti àpótí, àmọ́ wọ́n ń jẹ.” Mo ní kó lọ gbé sípánà wá. Ó ń tú apá kan, mo di apá kejì mú, a sì gbé wọn wọ gáréèjì. Àpótí ṣì wà ní Woodbridge. Mo ní kó fi í sílẹ̀ fún wọn. Ẹrù ilé tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ṣí búùtù ọkọ̀ tirẹ̀, mo kó o sí i.

Lọ́jọ́ Ajé, fóònù ò dún lọ́sàn-án. Mi ò retí rẹ̀, mo kàn gbé e sórí tábìlì nítòsí ni. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò dún. Lọ́jọ́rú, mo ti wẹ arúgbó mẹ́rin, ẹ̀yìn ń ro mí, mo ti jókòó, mo ti bọ́ bàtà, maikirowéfù ń yí. Ó dún.

“Mummy, ẹ ti jẹun, ma?”

“Mò ń gbé e gbóná lọ́wọ́.”

“Kí lẹ gbé dání?”

“Ìrẹsì ọjọ́ Àìkú.”

Mò ń gbọ́ àwọn awakọ̀ tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

“Ẹ jẹ́ kó lọ sinmi, ma,” ó ní. “Òun náà ti ṣiṣẹ́.”